NÍBO NI BỌ́Ọ̀SÌ ONÍNÁ YÓÒ SÙN?

Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èébú, kì í sì í ṣe ti ta ló jalè, ta ni kò jalè. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Àsìkò ìbò ń sún mọ́lé, ẹ ó sì máa rí oríṣiríṣi àwòrán lára ògiri: bọ́ọ̀sì tuntun tí kì í mu epo, tí kì í tú èéfín, tó ń dán bí ọmọge tó fẹ́ relé ọkọ. Ó dára. Àwa náà fẹ́ ẹ. Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ bá wa bi ẹni tó bá gbé àwòrán náà wá: ọ̀gá, níbo ni bọ́ọ̀sì yìí yóò sùn?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé yẹ̀yẹ́ là ń ṣe. Bọ́ọ̀sì díísù lè sùn síbi tó bá wù ú. Ẹ gbé e sábẹ́ igi, kí ilẹ̀ tó mọ́ ẹ bu díísù sí i, ó di ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó sùn sí ni ó ti ń jẹun. Bátìrì rẹ̀ ní láti gba iná sára fún wákàtí mélòó kan lóru, nígbà tí èrò ti wọlé. Bí kò bá rí iná gbà lóru, kò sí ibi tó ń lọ láàárọ̀. Ẹni tó bá ra bọ́ọ̀sì oníná láì tíì ní ibùdó fún un, òkú irin ló rà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ní May 2023, LAMATA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ èrò ní Èkó, àti ilé-iṣẹ́ Oando Clean Energy gbé bọ́ọ̀sì oníná méjì jáde, iṣẹ́ ọwọ́ Yutong ti ilẹ̀ Ṣáínà, pé kí àwọn fi dán an wò. A kì í ṣe aláìmoore. Ẹni tó bá ṣe dáadáa, ká sọ pé ó ṣe dáadáa. Àsìkò rẹ̀ sì bọ́ sí i, nítorí ní ọjọ́ 29 oṣù náà ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà epo tí à ń rà ní bíi 185 naira fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Gbogbo ẹ̀yin tó ń wọ dàǹfó lẹ mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí àpò yín. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì méjì, kò sí ibi tí wọn ò ti lè fi wáyà bọ̀ wọ́n lára. Bó bá di àádọ́ta, bó bá di ọgọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti wáyà, ó ti di ti ilẹ̀, ti iná, ti omi òjò àti ti èèyàn.

Ẹ wá wo Àjà. Láti Thomas Estate ni a ti ń kọ ìwé yìí. Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, àwọn èèyàn ti wà lójú ọ̀nà: akọ̀wé báńkì, bíríkìlà, nọ́ọ̀sì, ìyá tó ń lọ kó ọjà. Àwọn ará Abraham Adesanya ń bọ̀, ti Lángbàsà àti Badore ń bọ̀, ti Ṣàngótẹ̀dó ń bọ̀; abẹ́ bíríìjì Àjà ni gbogbo wọn ti ń pàdé, tí wọ́n ń wá ọkọ̀ lọ CMS, lọ Ọbáléndé, lọ Oṣòdì. Ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Blue Line tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ní September 2023, láti Marina sí Mile 2 ló ń rìn. Reluwé kankan kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Bọ́ọ̀sì ni ìrètí wa.

Bí bọ́ọ̀sì tó máa gbé wọn bá sùn sí òdìkejì ìlú, òfìfo ni yóò wá sí Àjà láàárọ̀, òfìfo ni yóò sì padà lálẹ́. Ti díísù, owó ló ń ṣòfò. Ti oníná, agbára tó yẹ kó fi gbé èrò ló ń jẹ mọ́ ọ̀nà láìgbé ẹnì kan. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ wa fi dá a lábàá pé apá Àjà ni kí ibùdó àkọ́kọ́ fún bọ́ọ̀sì oníná ọ̀nà Lekki wà, níbi tí ìrìn àjò ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tó rọrùn fún ọ̀gá láti wá gé rìbọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Àjà sí CMS tó nǹkan bí kìlómítà 25. Bọ́ọ̀sì tó bá lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin ti rin 200. Bọ́ọ̀sì ńlá oníná máa ń jẹ yúnìtì iná kan ó lé díẹ̀ lórí kìlómítà kan. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 240 yúnìtì lójúmọ́. Àádọ́ta bọ́ọ̀sì, ó di 12,000 yúnìtì. Aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí ni àyè tó wà láti fún wọn, wákàtí mẹ́fà péré. Ìyẹn ni pé 2,000 kìlówáàtì ni ibùdó náà yóò máa fà lẹ́ẹ̀kan náà, láìdáwọ́ dúró. Tiransifọ́má 500 tí ẹ máa ń rí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀sítéètì, márùn-ún irú rẹ̀ ni yóò máa ṣiṣẹ́ dé góńgó kí ó tó lè gbé e. Ẹ̀yin tí tiransifọ́má yín ti jó rí, tí ẹ dáwó títí kí ẹ tó rí òmíràn, ẹ mọ ohun tí à ń wí.

Nítorí náà, wọn ò gbọdọ̀ so ibùdó yìí mọ́ wáyà tó ń gba inú àdúgbò kọjá. Bí wọ́n bá so ó mọ́ ọn, Thomas Estate yóò wà nínú òkùnkùn kí bọ́ọ̀sì lè yó. Wáyà ńlá tirẹ̀ ló yẹ ẹ́, 33 kV, tó ti ibùdó iná ńlá wá tààrà, kí Eko Disco sì ti fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀. Ní April 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A lọ sí 225 naira fún yúnìtì kan, pẹ̀lú ìlérí wákàtí 20 lójúmọ́. Wákàtí 20 kò burú, àmọ́ bí wákàtí mẹ́rin tó kù bá bọ́ sí òru ńkọ́?

Ní iye yẹn, oúnjẹ bọ́ọ̀sì kan lójúmọ́ jẹ́ 54,000 naira. Bọ́ọ̀sì díísù tó rin kìlómítà 200 kan náà lè mu tó 80 lítà. Ní 2024 tí lítà díísù lé ní 1,000 naira, ó ju 80,000 lọ. Èrè wà níbẹ̀, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí iná bá lọ tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ láti fi bọ́ bátìrì, 240 yúnìtì yẹn yóò jẹ díísù bíi 70 lítà. Ẹ ò rí i? A ti lọ ra bọ́ọ̀sì olówó ńlá, a sì tún padà sídìí díísù. Èéfín tí à ń sá fún lójú ọ̀nà ti wá ń wọ fèrèsé àwọn ará Àjà lóru.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tún wá sọ fún yín pé ẹ̀bi Abùjá ni. Òfin iná tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní June 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣètò iná tiwọn, Èkó sì ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 2024. Ọwọ́ Aláúsá ni iṣu àti ọ̀bẹ wà. Àwọn tó gbọ́n ju èyí lọ kò jìnnà sí wa. Ní Dakar, olú ìlú Senegal, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ọ̀sì oníná ní May 2024, bọ́ọ̀sì 121 lórí ọ̀nà kìlómítà 18 tí wọ́n là sọ́tọ̀ fún un. Ní Shenzhen ní Ṣáínà, bọ́ọ̀sì tó ju 16,000 ló ti di oníná pátá ní ìparí 2017. Bọ́ọ̀sì tó pọ̀ tó báyẹn kò lè fi ẹ̀bùn Nẹ́pà rìn.

Ilẹ̀ ńkọ́? Nínú ìṣirò wa, àádọ́ta bọ́ọ̀sì, ibi tí wọn yóò ti máa yí po, ilé mẹkáníìkì, ibi ìfọkọ̀ àti ilé iná kò lè gba ohun tó dín ní 20 púlọ́ọ̀tì. Ní Àjà, ẹ mọ ohun tí 20 púlọ́ọ̀tì jẹ́! Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Ó lè gbà á fún ànfààní ará ìlú, owó ilé àti irè oko tó wà lórí rẹ̀ ni yóò san. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà wá. Àwọn àgbà Lekki kò tíì gbàgbé Maroko. July 1990 ni ìjọba ológun tí Raji Rasaki ṣe olórí rẹ̀ ní Èkó lé wọn, èèyàn tí wọ́n fojú bù sí 300,000. Àwọn díẹ̀ rí ilé gbà ní Ìlàsàn àti Ìkòtá, àwọn tó kù fọ́n ká bí ẹyẹ tí wọ́n sọ lókùúta. Ní 2024, àwọn ará Okun-Ajah tún ké gbàjarè, wọ́n ní ọ̀nà etíkun Lagos sí Calabar ti yà kúrò lójú ìlà tí àwọn mọ̀, ó ń bọ̀ wá sórí ilé àwọn.

Ẹgbẹ́ wa sọ ọ́ síta gbangba: a kò ní wó ilé ẹnikẹ́ni nítorí gáréèjì. Ilẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ sẹkitéríàtì Eti-Osa East ní Yorùbá àti ní Òyìnbó, kí baálẹ̀, ìyálọ́jà àti àwọn aṣáájú ẹ̀sítéètì jókòó lé e lórí, kí katakata tó wọ ibẹ̀.

Omi tún wà ńlẹ̀. Ilẹ̀ wa rẹlẹ̀, ọ̀sà lọ́wọ́ kan, òkun lọ́wọ́ kejì. Ní July 2017 omi bo Lekki débi pé ọkọ̀ ń léfòó. Ní July 2024 ó tún ṣẹlẹ̀. Bátìrì àti ẹ̀rọ iná kò gbọdọ̀ wà nínú àgbàrá, nítorí náà ó di dandan kí wọ́n gbé ilẹ̀ ibùdó sókè. Bí wọ́n bá sì gbé e sókè tán tí wọn ò ṣe gọ́tà, inú pálọ̀ aládùúgbò ni omi yẹn ń lọ. Gọ́tà ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́. Kí wọ́n má sì to bọ́ọ̀sì mọ́ra wọn bí ìṣáná inú páálí: ní October 2020, bọ́ọ̀sì 80 ló jóná ní Oyingbo àti Ojodu Berger nínú rògbòdìyàn ọjọ́ náà.

Àwọn kan ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, pé omi ẹ̀rọ àti ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ bi ẹni tó ń gba owó oṣù kékeré ní Victoria Island, tó ń tàjà Àjà lọ ojoojúmọ́, èló ló ń kù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn owó ọkọ̀. Ẹ̀tẹ̀ ni tirẹ̀.

Ó ku àwọn ọmọ wa tó ń wa dàǹfó, àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀, àwọn mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ó sì tọ́ kó bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nígbà tí BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 sí CMS ní March 2008, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn awakọ̀ NURTW dá sílẹ̀ ló yá owó lọ́wọ́ Ecobank, tí wọ́n ra 100 bọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì ń wà á. Awakọ̀ ló di olówó ọkọ̀. Ní 2015 tí ọ̀nà náà gùn dé Ìkòròdú, ilé-iṣẹ́ Primero ló gbà á. Irú ti 2008 yẹn la fẹ́ ní Àjà: kí àwọn tó ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà yìí ní ìpín nínú bọ́ọ̀sì tuntun, kí obìnrin tó bá fẹ́ wakọ̀ láàyè, kí ẹ̀kọ́ àwọn mẹkáníìkì nípa bátìrì sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà kí bọ́ọ̀sì tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí àwọn tó tà á fún wa bá ti kó èèyàn tiwọn wá.

Àbá náà lódindi, pẹ̀lú ìṣirò iná àti ti ilẹ̀, wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní gbogbo wọ́ọ̀dù Eti-Osa. Ẹ wá wò ó. Bí ibì kan bá wà níbẹ̀ tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá bá wa jà sí i.