Ìdánwò orí fóònù kọ́ ló máa yan iṣẹ́ fọ́mọ wa

Fọ́ọ̀mù JAMB ti fẹ́ jáde, àwọn ọmọ sì ń mú fóònù wá bá wa: "Pásítọ̀, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ló yẹ mí." Ọmọ ìjọ wa kan tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ló bá di akáǹtà! Òṣùwọ̀n tó ń yí padà báyìí, ṣé èèyàn lè fi wọn gàrí lọ́jà?

A ò ní kí wọ́n má ṣe é o. Àmọ́ ẹ bi wọ́n: ta ló ṣe é? Àwọn wo ló ṣe é fún? Ti O*NET tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ dáa, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bakare ti ṣe tàwọn ọmọ Nàìjíríà jáde n'Ìbàdàn láti 1977. Ẹ béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ ilé ìwé. Ẹ rántí pé ohun tọ́mọ fẹ́ràn nìkan ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìdánwò ìṣẹ́jú márùn-ún lè gba ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ká sì wádìí. Àwọn ọmọ wa ò ní ṣìnà. Àmín.