Òkú Tún Dé, Isla Tún Rí I

Ní ẹsẹ̀ òkè Dassa níhìn-ín, a kì í fi ọ̀rọ̀ akúdàáyà ṣe ẹ̀rín. Àwọn ìyá wa a máa pa ìtàn rẹ̀ lálẹ́, àwa a sì fi aṣọ borí. Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ń rẹ́rìn-ín òkú títí omi fi ń bọ́ lójú wọn nídìí The Ghost and the Tout Too?

Toyin Abraham ni ó ṣe Isla, ọmọ ìta ẹlẹ́nu mímú, ní 2018 àti nínú apá kejì ní 2021. Isla a máa rí òkú tí ọ̀ràn rẹ̀ kò tíì parí láyé. Lójú àwọn yòókù, afẹ́fẹ́ ni ó ń bá jà. Ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí, a ti mọ àṣírí náà, ẹ̀rín sì ti ń gbọ̀n wá kí òkú tó yọjú. (Ìtàn rẹ̀ kò dì tó ti àkọ́kọ́, lójú tiwa.)

Àwọn àgbà kan bínú. Ṣùgbọ́n eégún tí í ṣe ará ọ̀run, ṣebí òun náà a máa pa àwọn obìnrin ilé lẹ́rìn-ín kí ó tó fi pàṣán lé ọmọdé?

Ohun mìíràn ni ó ká wa lára. Ní alẹ́ tí a jọ wò ó, Isla bú ẹnì kan ní Yorùbá. Ìyá àgbà kan tí kò gbọ́ Faransé ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ bi wá pé kí ni Isla wí. A túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ọmọ náà kàn ń wò wá. Ìyá àgbà fà á mọ́ra, ó fi ọwọ́ àti ojú tún èébú náà ṣe ní èdè Ìdáàṣà. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni ó gbọ́.