Òǹtẹ̀ Ara Owó, Májẹ̀mú Ni

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ilé ìsìn ti ṣe owó wúrà rí? Ní Thorn, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Netherlands lónìí, ilé kan wà fún àwọn obìnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Margaretha van Brederode, tó jẹ́ olórí wọn láti 1557 sí 1577, ní àṣẹ láti tẹ owó. Wọn a fi wúrà pẹlẹbẹ sáàárín irin méjì tí wọ́n ti fín àwòrán sí, wọn a sì fi òòlù lù ú.

Àṣẹ ilé náà ti dópin, ó ti lé ní igba ọdún, síbẹ̀ wúrà rẹ̀ ṣì jẹ́ wúrà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ń ná: ogójì nínú okùn kan, 20,000 nínú ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ṣílè àti kọ́bọ̀ dé, ọ̀kẹ́ tí àgbẹ̀ tò sí àjà di ìkarawun lásán.

Ní October 2022, CBN kéde pé òun yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Wọ́n fi gbèdéke sí 31 January 2023, wọ́n tún sún un sí 10 February. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dẹ́kun ayédèrú owó àti owó tí wọ́n ń kó pamọ́ sílé. Ìdí náà dára, ṣùgbọ́n ta ló jìyà rẹ̀? Ìyá tó ń ta gààrí lọ́jọ́ ọjà ni, tí báńkì jìnnà sí abúlé rẹ̀. Àwọn kan sì ń fi owó ta owó fún un. Ní 3 March, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí a máa ná owó àtijọ́ títí di 31 December. Kí ọjọ́ náà tó pé, CBN mú gbèdéke kúrò pátápátá.

Olúwa wa bèèrè àwòrán ẹni tó wà lára owó. Èmi náà ń bèèrè: ẹni tó fi òǹtẹ̀ rẹ̀ lé owó, ṣé kò jẹ ẹni tó gbà á gbọ́ ní gbèsè? Bí wọ́n bá tún fẹ́ pààrọ̀ owó lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n fún wa ní ọ̀pọ̀ oṣù, kí wọ́n sì gbé owó tuntun dé Mọ́níyà, Lálúpọn, Ẹgbẹ́dá àti Akanran kí gbèdéke tó pé. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn aṣòfin yín nísinsìnyí tí ara ṣì rọ̀. Ẹ̀yin tó ń ṣe POS nínú ìjọ, ẹ má ṣe fi ìnira opó pa èrè.