Ṣé Ẹ̀mí Ọmọ La Fẹ́ Fi Gbá Bọ́ọ̀lù Ni?

Ẹ̀yin ará wa ní Àbújá! Ẹ má bínú sí wa, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Sátidé àwọn ọmọ wa ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúnkún ọmọ kan gbá aṣọ́lé wa lórí. Ojú ọmọ náà ń yí. Kí làwa àgbà ṣe? A da omi inú ọ̀rá sí i lórí, a ní kó dìde, kó ṣe bí ọkùnrin. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá! Ó sì padà sójú ilé. Ojú ń tì wá títí di bá a ṣe ń kọ èyí.

Nínú baseball àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń sáré bọ̀ wálé máa ń fi gbogbo ara kọlu ẹni tó dúró de bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Lọ́dún 2011 wọ́n kọlu Buster Posey, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Àwọn kan ní bí eré ṣe rí nìyẹn, àmọ́ nígbà tó di 2014, wọ́n ṣòfin lé e. Ẹsẹ̀ ẹnì kan o!

Àwa ńkọ́? Okwaraji ṣubú ní Sùúrùlérè lọ́dún 1989, ó kú. Chineme Martins ṣubú ní Lafia níbí lóṣù kẹta 2020, òun náà kú. Síbẹ̀, kò sí àpótí oògùn kankan létí pápá wa. Owó aṣọ ẹbí ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́ta ló fi pé!

Ẹni tó bá kọlu aṣọ́lé, kó jáde. Ọmọ tó bá forí gbá nǹkan ò gbọdọ̀ padà wọlé lọ́jọ́ yẹn. Tí kò bá sí nọ́ọ̀sì létí pápá ní Sátidé tó ń bọ̀, àwọn ọmọ tiwa ò ní gbá a.