Ìgbàlà Kì í Ṣe Ìjà Ẹbí

Ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti káàkiri Òkè-Ògùn, Onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń sìnkú. Nídìí òkú gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti máa ń le: níbo ni baba àgbà tí ó kú láì ṣe ìrìbọmi wà? Àwọn ọ̀dọ́ kan a dáhùn kíá pé iná ni, wọn a sì yẹra fún ìnáwó ẹbí.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìhìn Rere ní tirẹ̀ kọ́ni pé nípasẹ̀ Jésù nìkan ni ènìyàn fi ń dé ọ̀dọ̀ Baba. Kò yẹ kí Onígbàgbọ́ fi ẹ̀kọ́ yìí pamọ́ nítorí àtitẹ́ ará ilé lọ́rùn. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kan náà ni ó ròyìn Kọ̀nélíù, balógun ọ̀rún, tí Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà rẹ̀ kí Pétérù tó wàásù fún un. Ní 1965, Àpérò Vatican Kejì ti Ìjọ Àgùdà gbà pé ohun òtítọ́ wà nínú àwọn ẹ̀sìn mìíràn, síbẹ̀ kò sọ pé kí Ìjọ dákẹ́ ìwàásù Kristi.

Òkè-Ògùn ní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ni a kó lẹ́rú ní 1821 nínú ogun tí àwọn Mùsùlùmí bá wọn jà. Nígbà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, sùúrù ni ó fi ń bá Mùsùlùmí sọ̀rọ̀, kì í ṣe èébú. Àlùfáà, àdúrà àti wàásù tí ó wà nínú Bíbélì Yorùbá, ẹnu Mùsùlùmí ni Yorùbá ti kọ́kọ́ gbọ́ wọn.

Ọ̀fẹ́ ni Onígbàgbọ́ gba ìgbàlà. Kò rà á. Ẹni tí ó gba ọ̀fẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti pààlà fún Olóore. Kò pọn dandan kí ó jẹ nínú ẹbọ. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí ó má gbẹ́ ilẹ̀, kí ó má dá owó, kí ó má tu opó nínú. Kí olùkọ́ àti oníwàásù máa fi méjèèjì kọ́ ọmọ: kí ó di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, kí ó sì fi ìdájọ́ òkú sílẹ̀ fún Ẹni tí ó ni ín.