Ẹ̀yin ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ nílùú òyìnbó, ẹ má bẹ̀rù ilé tí omi ń mú móoru

Ìyá kan tó ń gbé ní Ìlúpéjú ló bi wá ní ìbéèrè yìí, kì í sì í ṣe àwọn nìkan ló ti bi wá. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní London ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, ìyá sì ń múra àtilọ wẹ ọmọ. Wọ́n ti ra aṣọ òtútù, wọ́n ti di èlùbọ́, ọ̀rọ̀ kan ló kù tó ń kọ wọ́n lóminú. Ọmọ wọn ní omi ni wọ́n fi ń mú ilé àwọn móoru báyìí, pé kò sí gáàsì níbẹ̀ mọ́. Odò tí ìyá mọ̀ ni Odò Ìyá Aláró tí kò jìnnà sí wọn, tí omi iléeṣẹ́ àti pàǹtírí ti bà jẹ́. Ṣé irú omi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa dà sínú ilé tí ìkókó wà? Àti pé báwo ni omi tútù ṣe máa mú ilé móoru?

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ dìde, ẹ lọ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì yín. Ó gbóná, àbí? Ooru yẹn, inú fíríìjì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Ara omi àti ẹran tí ẹ kó sínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti fà á, tó gbé e sẹ́yìn, ìyẹn ni inú rẹ̀ ṣe tutù. Ẹ wá fojú inú wò ó pé odò ló wà ní ipò inú fíríìjì, tí pálọ̀ ọmọ yín sì wà ní ipò ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ tí òyìnbó ń pè ní heat pump ń ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lè ní omi tútù kò ní ooru kankan. Ó ní. Omi tó tutù lójú tiwa gbóná lójú ohun tó tutù jù ú lọ. Irú gáàsì tó máa ń wà nínú fíríìjì ló wà nínú páìpù ẹ̀rọ yìí, ó sì tutù ju odò lọ, nítorí náà ooru odò á sá wọ inú rẹ̀. Iná mànàmáná á wá fún gáàsì náà pọ̀. Ẹni tó bá ti di pọ́ọ̀ǹpù tí wọ́n fi ń fátáyà kẹ̀kẹ́ mú rí mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná. Ooru yẹn ni wọ́n ń gbé wọ inú ilé. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ náà bá jẹ iná ìwọ̀n kan, ó lè kó ooru bí ìwọ̀n mẹ́ta wọlé.

Ní ti ìdọ̀tí, ọkàn yín kó balẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mú oúnjẹ inú fídà ọmọ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣebí inú abọ́ omi gbígbóná lẹ máa ń gbé fídà náà sí? Ooru omi abọ́ wọ inú fídà, àmọ́ ẹ̀kán omi abọ́ kan ò dé ẹnu ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ odò àti ilé ṣe rí gan-an nìyẹn. Irin ló wà láàárín wọn. Omi odò á padà sódò, tí yóò kàn fi díẹ̀ tutù sí i. Omi ẹ̀rọ tí ẹ máa fi wẹ ọmọ, ọ̀tọ̀ ni ibi tó ń gbà wọlé.

Kì í ṣe ohun tuntun tí wọ́n ń fi ara yín dán wò o. Láti 1938 ni wọ́n ti fi omi odò Limmat mú gbọ̀ngàn ìlú Zurich móoru ní Switzerland. Ní 1951, wọ́n lo omi odò Thames fún Royal Festival Hall ní London. Ní Peckham, níbi tí èdè Yorùbá ti pọ̀ lójú títì, ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ti ń lo omi abẹ́ ilẹ̀ fún àwọn ilé kan tí wọ́n kọ́ fáwọn aráàlú.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá ni ohun tí àwọn ìyá máa ń ṣe bí wọ́n bá débẹ̀. Irin rédíétọ̀ ara ògiri kì í gbóná janjan nínú irú ilé yìí bíi ti ilé tó ń lo gáàsì. Ó kàn máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́, tọ̀sán-tòru. Ìyá á fọwọ́ kàn án, wọ́n á ní ó ti bà jẹ́. Òmíràn á pa á lálẹ́ kí owó iná má baà pọ̀, ilé á tutù, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó móoru padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bí àwọn ọmọ bá ṣe fi í sí.

Ohun tó burú jù ni kí ẹ tan gáàsì ìdáná sílẹ̀ láti fi yáná, tàbí kí ẹ gbé èédú tó ń jó wọ yàrá. Iná bẹ́ẹ̀ lè tú èéfín olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn sílẹ̀, irú èyí tí jẹnẹrétọ̀ fi ń pa ìdílé mọ́ ojú oorun níbí. Ilé òyìnbó a máa há pinpin nígbà òtútù. Ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti inú omi kì í dá iná nínú ilé, kò ní irú èéfín yẹn. Kí ẹ̀yin náà má wá fọwọ́ ara yín mú un wọlé.

Ìwọ̀n ooru wo ló wá dára? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2018 pé kó má dín sí 18°C nínú ilé nígbà òtútù, pàápàá fún àwọn àgbà, nítorí òtútù máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i. Fún yàrá tí ìkókó ń sùn, 16°C sí 20°C ni wọ́n fọwọ́ sí ní Bírítéènì. Bó bá wà láàárín 18 sí 20, ó bá ẹ̀yin àti ọmọ-ọmọ yín mu. Bí òtútù bá ń mú yín, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ àti súẹ́tà. Ẹ má torí tiyín sọ yàrá ọmọ di ààrò.

Mo mọ̀ pé ibí ni àwọn ìyá kan á ti bá mi jà. Ẹ má ṣe fi fìlà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta di ìkókó tó ń sùn nínú ilé. Ooru àpọ̀jù wà lára ohun tó ń dá kún ikú òjijì àwọn ọmọ jòjòló. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìkókó sábà máa ń tutù, ẹ má fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n. Àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Bó bá ń làágùn, ẹ dín aṣọ kù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ sì fi tẹ́ ẹ sùn.

Omi ìwẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ náà lè máa mú omi inú táńkì gbóná dé 60°C lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti pa kòkòrò tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn Legionella. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lánàá lè bó èèyàn lára lónìí. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ pọn sínú báàfù ọmọ, kí ẹ tó fi gbígbóná sí i, kí ẹ sì fi ìgbọ̀nwọ́ yín wò ó. 37°C sí 38°C ló tó fún ọmọ, bó ti wù kí ìwọ́ra dùn mọ́ yín tó.

Àwọn kan á bi wá bóyá a lè ṣe é ní Ìlúpéjú. Kí la fẹ́ fi ooru ṣe? Ìtutù là ń wá. Ẹ̀rọ kan náà lè gbé ooru ilé lọ sínú omi lóòótọ́, àmọ́ ìdọ̀tí inú odò tiwa á tètè dí páìpù rẹ̀, iná náà sì gbọ́dọ̀ wà. Èyí tí ẹ ti ní nílé ni kí ẹ tọ́jú: ẹ fa fíríìjì yín kúrò lára ògiri díẹ̀, kí ẹ sì nu eruku ẹ̀yìn rẹ̀, kó lè ráyè tu ooru dànù.