Ẹ̀yin Ìyá Wa, Sóyà Ò Lè Rọ́pò Oògùn Àtọ̀gbẹ

Ẹ̀yin Yorùbá Karu, Jikwoyi àti Nyanya. Ọ̀rọ̀ kan ń ká wa lára, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Àwọn tó ń ta lẹ́bú sóyà ń sọ fáwọn ìyá wa tí nǹkan oṣù ti dúró lára wọn pé ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn, pé kí wọ́n pa metformin tì. Àwa ò fara mọ́ ọn rárá.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ o. Èròjà kan wà nínú sóyà tó ń jẹ́ isoflavone. Ó fara jọ estrogen, èyí tó máa ń dínkù lára obìnrin tí nǹkan oṣù bá ti dúró. Tí estrogen bá dínkù, ọ̀rá á máa jókòó sí ikùn, insulin tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ò sì ní ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Lọ́dún 2002, èsì ìwádìí kan jáde láti Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin 32 tó ní àtọ̀gbẹ mu sóyà fún ọ̀sẹ̀ 12, ara wọn sì gbọ́ràn sí insulin lẹ́nu díẹ̀ sí i. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dán an wò fún oṣù 6 láàárín obìnrin 180 ní Hong Kong, tí èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2010, wọn ò rí ìyàtọ̀ gidi kan nínú ṣúgà wọn. Ṣé nítorí ìyẹn lèèyàn á ṣe fi oògùn sílẹ̀?

A ò ní kẹ́ ẹ má jẹ sóyà o. Oúnjẹ gidi ni, kì í tètè gbé ṣúgà sókè. Bèské tá a mọ̀ nílé náà ni wọ́n ń pè ní àwárà níbí. Ẹ sè é sínú ọbẹ̀ dípò ẹran, kẹ́ ẹ sì dín òkèlè kù. Ṣùgbọ́n àwárà tó ń wẹ̀ nínú òróró àti wàrà sóyà tí wọ́n da ṣúgà sí kì í ṣe ohun tí wọ́n fún àwọn obìnrin Hull.

Ẹ̀yin ọmọ, owó lẹ́bú yẹn, ẹ fi san owó àyẹ̀wò ṣúgà fún màmá yín. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má dá oògùn dúró láì bá dókítà sọ̀rọ̀. Ṣúgà tó ga kì í pariwo. Ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ ló ń bà jẹ́ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.